Dè É Ni, Àbí Dẹ̀ Ẹ́? Ọ̀rọ̀ Ojú Kámẹ́rà Tó Ń Mì

                                                  Yàrá Òkè,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
                                                  Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ẹni bí ọmọ ìyá,

Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó kí ọ, nítorí bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, màá tún rí ibi sá sí. N kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ tí o mú mi wọ̀ yẹn. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ tí o ti fà mí lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù onítìmùtìmù yẹn, tí o ní kí n wá rí àwọn èèyàn tó mọ iyì kámẹ́rà àtijọ́, ni wọ́n ti sú mi. Mo ń rẹ́rìn-ín nítorí tìrẹ. Nígbà tí o sì kó kúrò níbí, mo ṣì ń lọ, bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀, tí kò mọ̀ pé wọ́n ti tú òun. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́. Ó dáa, mo ti sọ ọ́.

Wàyí o, ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn, àbí ìwọ ni wọ́n jọ? Ìyá ìyàwó rẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín, ṣé wọ́n ṣì ń bá tẹlifíṣọ̀n jà? Ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Ara tèmi le. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ tí mo fi ń gé pépà nílé ìtẹ̀wé kò tíì rí mi níka gé. Ọkàn mi nìkan ni kì í jókòó sójú kan, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn tuntun fún ọ.

Ìròyìn tuntun ni pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lọ lọ́la. Ọmọ wọn ló ní kí wọ́n wá máa bá òun gbé. Wọ́n ti ta àga, wọ́n ti pín ìkòkò, wọ́n ti fún aládùúgbò ní òdòdó inú ìkòkò amọ̀, pẹ̀lú ìkìlọ̀ tó ju ti ìgbà tí wọ́n fi mí sílé ìwé lọ. À ń sọ fún ara wa pé wọn á máa wá kí wa. Irọ́ ni. Ẹni tó ti ta bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò ní í padà wá sùn.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí fún. O rántí kámẹ́rà bàbá wa, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Bí o bá fi ojú sí ihò rẹ̀, wàá rí ohun tí ò ń wò ní méjì, bí ìbejì. Wàá máa yí ojú rẹ̀ títí àwọn méjèèjì á fi wọ inú ara wọn di ọ̀kan, ìgbà náà lo tó lè tẹ̀ ẹ́. Bàbá wa fi kámẹ́rà yìí ya gbogbo wa. Wọ́n ya kẹ̀kẹ́ tuntun, wọ́n ya ewúrẹ́ aládùúgbò tó wọlé wá jẹ kàlẹ́ńdà. Wọn kò ya ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí ni pé ẹ̀gbọ́n mi máa ń di ojú. Bí wọ́n bá ti ní “ó yá” báyìí, ojú ti dí. Bàbá wa ní àwọn kò ní í fi fíìmù ṣòfò sórí ọmọ tó ń sùn lóòró. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán, wọn á ní kí ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lára ògiri yàrá wa, àwòrán kan wà tí èmi jẹ́ ọmọ ọwọ́, tí ọwọ́ kan nà wá láti ẹ̀gbẹ́ dì mí mú kí n má ṣubú. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán ilé wa tó jẹ́ tiwọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Àbúrò, mi ò bẹ̀ ọ́ ní nǹkan ńlá. Kí kámẹ́rà yẹn rí mi lẹ́ẹ̀kan kí n tó lọ.”

Mo ní ṣé kí n fi fóònù yà wọ́n, pé ó yá kíá.

“Fóònù tó ń ya oúnjẹ àti ológbò? Fóònù kọ́ ni bàbá wa fi kọ̀ mí.”

Ọ̀rọ̀ parí. Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, mo nù ún, mo wá rí i pé ojú rẹ̀ ń mì bí eyín ọmọ tó fẹ́ yọ. Bí mo bá yí i, gbogbo rẹ̀ á gbọ̀n. Ibi tó burú sí ni pé ihò tí à ń wò kọ́ ni ojú tó ń ya àwòrán. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ìbejì lè di ọ̀kan lójú rẹ, kí inú rẹ dùn, kó jẹ́ pé ìkùukùu ni ojú kejì yà sórí fíìmù.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí fóònù. Mo kọ ọ́ tàmìtàmì, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé girama, mo ní ojú kámẹ́rà bàbá mi ń mì, kí ni kí n ṣe? Alága fèsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó kọ nìyí, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò: “De e daadaa.”

Kí n tó tẹ̀ síwájú, jẹ́ kó yé ọ pé mi ò ní í pe Alága ní “wọ́n” nínú lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé ó jù mí lọ. Bí mo bá wà níwájú rẹ̀, “ẹ” ni màá sọ títí ẹnu á fi ro mí. Ṣùgbọ́n pépà tèmi ni mo fi ń kọ èyí, ọwọ́ mi ni mo fi gé e, “ó” sì tó o.

De e daadaa! Èwo nínú rẹ̀? Ṣé dè é ni, kí n fún un mọ́lẹ̀? Àbí dẹ̀ ẹ́, kí n tú u díẹ̀? Àbí dé e, kí n fi ìdérí bò ó? Ọkùnrin tó ń ta tìmùtìmù fún àwọn tó fẹ́ sinmi kò rí àyè sinmi fi àmì kan ṣoṣo sórí ọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ bí ẹni ń tutọ́ láti ojú fèrèsé, ó sì lọ jẹun.

Dókítà Eyín ló kọ́kọ́ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. O mọ̀ ọ́n, ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ kò jáde nínú àpò rí. Ó ní dé e ni Alága wí, kí n fi ìdérí dé e kí eruku má wọ̀ ọ́, kí n sì gbàgbé rẹ̀, pé òun náà ti dé tòun láti ọdún tó kọjá, kò sì yọ òun lẹ́nu. Mo bi í pé báwo ni ìdérí ṣe ń wo ohun tó ń mì sàn. Ó ní a kì í bi Alága ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èèyàn tó ń fi ẹ̀mú fa eyín tó bá mì pẹ́nrẹ́n o! Bóyá kó kúkú máa dé eyín náà lẹ́nu àwọn aláìsàn rẹ̀.

Ni Tíṣà Àgbà bá dìde. Ó ní rárá o, dẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní ohun tó bá ń mì, ó ti fún jù níbì kan ni, pé bí mo bá dẹ̀ ẹ́, ara á tù ú, á sì padà sí àyè rẹ̀. Kí ara tu irin! Ó fi ìwé àlàyé ránṣẹ́ tó gùn ju àtẹ̀gùn wọn lọ, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Àwọn yòókù pín sí méjì, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí Alága ní lọ́kàn bí ẹni pé wòlíì ló sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó ní kí òun wá fọwọ́ kan kámẹ́rà wò. Nígbà tí mo bi Alága fúnra rẹ̀, ó ní, “Ohun tí mo kọ ni mo kọ. Ẹni tó bá lóye, á yé e.” Ọ̀rẹ́ mi, kò mọ̀ ọ́n. Mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì búra, kò mọ èyí tí òun ní lọ́kàn.

Wàá ní, ìwọ alára ńkọ́? Èmi mọ̀ pé dè é ni. Ohun tó bá dẹ̀, dídè ni oògùn rẹ̀, ọmọ tó ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀ mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n o mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Bí mo bá mọ nǹkan, màá kọ́kọ́ wò yíká bóyá ẹnìkan wà tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, bí ẹni náà bá sì pariwo, màá ju tèmi nù. Mo ní, Tíṣà lọ yunifásítì, èmi ìwé girama ni mo kà mọ, ta ni èmi tí mo ń gé pépà? Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi ní orúkọ tó bá mi mu jù láyé yìí, Ṣé-kí-n-ṣe-é. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Ṣé-kí-n-ṣe-é ṣe dẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Mo yí i sí ibi tí ilẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, á fi ṣí sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá ṣì wà lórí bọ́tìnnì. Bí o bá wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, wàá rí òrùka irin kan tó yí ojú náà ká, tó ní ihò tóóró méjì. Òun ló di ojú mú. Mo mú irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí à ń fi wọn ìlà nínú àpótí ìṣirò ayé ijọ́un, mo ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ihò méjèèjì, mo yí i sósì díẹ̀. Mo gbé e mì, ó ń mì sí i. Mo ní bóyá ara ò tíì tù ú tó. Mo tún yí i. Gbàgà! Gbogbo ojú kámẹ́rà bàbá wa já sí mi lọ́wọ́, òrùka kejì tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà sì fò bọ́ sílẹ̀, n kò rí i mọ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Mo wà lórí ọwọ́ àti orúnkún lábẹ́ tábìlì nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé.

“Kí ló sọnù?”

“Kò sí o.”

“Àdúrà lò ń gbà nìyẹn?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ilẹ̀.”

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n dúró bí lékelèke, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo wá gbogbo ilẹ̀, mo wá ìdí àga. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ṣé kí n máa dúró báyìí títí ọkọ̀ á fi dé?” Mo gbójú sókè, mo rí òrùka náà tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ bàtà wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní láti jókòó. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ń jó mi lára bí iná. Tíṣà Àgbà! Bí mo bá rí i nígbà yẹn, òun gan-an ni ǹ bá dẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi nu ojú wọn, wọ́n ní, “Ta ló ní kí o tú u?”

Mo ní, “Tíṣà kan ni.”

“Ṣé òun ló ni ín?”

Wọ́n jáde.

Mo fi òrùka fẹ́lẹ́ padà sí àyè rẹ̀, mo gbé ojú lé e, mo yí òrùka ńlá sọ́tùn-ún. Mo rọra ń yí i, mo ń mí bí ẹni ń gbé ẹyin, nítorí bí ẹsẹ̀ irin bá yọ̀, dígí ló máa họ. Ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Etí òrùka ló họ, kò kan dígí. Mo dè é títí ó fi dúró, mo gbé e mì, kò mì mọ́. Mo gé pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, mo nà án sí ibi tí fíìmù máa ń gbà, mo kọjú kámẹ́rà sí fèrèsé, ìka mi lórí bọ́tìnnì. Ilé òdìkejì yọ sórí pépà náà ketekete. Obìnrin kan ń sá aṣọ níbẹ̀, orí rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè. Mo lè ka ìlà ara aṣọ tó ń sá. Mo fi ojú sí ihò, ìbejì di ọ̀kan síbi kan náà tí pépà ti mọ́ jù. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n wá wò ó.

“Ó dojú dé!”

“Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé bí bàbá wa ṣe ń wò wá nìyẹn? Abájọ tí inú wọn kì í fi í dùn.”

A fi fíìmù tó wà lọ́wọ́ mi sí i, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí rà. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn kò ní í ya àwòrán nínú aṣọ ilé, pé ó di àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn bá ń lọ, lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, nínú aṣọ ìrìn-àjò. Ìyẹn ni lọ́la. Kò yẹ kí ìtàn yìí gùn jù báyìí lọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìpàdé ẹgbẹ́. Mo gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ lọ gbà? Ṣé mo fẹ́ kí àwọn tí mo kórìíra bí òógùn ẹsẹ̀ wọ̀nyí patẹ́wọ́ fún mi? Bẹ́ẹ̀ ni o. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́. Ìwọ náà gbọ́ irú òmùgọ̀ tí ò ń bá ṣọ̀rẹ́.

Yàrá yẹn kò yí padà. Òórùn fóòmù láti ìsàlẹ̀ ṣì ń gba inú pákó gòkè wá. Gbogbo wọn jókòó yíká, kálukú ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu kámẹ́rà tí kò dọ̀tí. Tí o bá kó gbogbo àwòrán tí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ti yà láti ìgbà tí o ti lọ jọ, kò ní í kún àpò ṣòkòtò ọmọdé. Alága gba tèmi, ó gbé e sétí, ó mì ín bí ẹni ń yẹ ẹyin wò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ rí i? Ṣé mo ní kó dè é, àbí mi ò sọ ọ́?”

Wọ́n patẹ́wọ́. Alága ni wọ́n ń pa á fún! Dókítà Eyín tó ní dé e ni, òun ni àtẹ́wọ́ rẹ̀ le jù. Tíṣà Àgbà ní òun náà ti mọ̀ pé dè é ni, òun kàn fẹ́ dán mi wò ni. Alága wá ṣí àpótí onídígí tó wà lára ògiri, ó gbé kámẹ́rà bàbá mi síbẹ̀. Ó ní irú èyí kì í ṣe ohun tí à ń fi ya àwòrán mọ́, ìtọ́jú ni iṣẹ́ rẹ̀, pé á wà níbẹ̀ títí àfihàn ẹgbẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ó kọ káàdì kan síwájú rẹ̀: “Alaga lo tun un se.” Ó ti ilẹ̀kùn dígí náà, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn.

Mo ní kámẹ́rà yẹn níṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọkàn mi ló sọ ọ́, ẹnu mi kò sọ ọ́. Ohun tí ẹnu mi sọ ni, “Ẹ ṣé, sà.” Ẹ ṣé! Ọkùnrin gba ohun ìní bàbá mi lójú mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá wọn jẹ bisikíìtì. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn tìmùtìmù tó ṣì wà nínú ọ̀rá wọn, ó ń ṣe mí bíi pé kí n wọ inú ọ̀kan lọ, kí wọ́n rán ẹnu rẹ̀ pa.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń bi mí, “Kámẹ́rà ńkọ́?” Màá ní ó wà nínú àpótí rẹ̀. Irọ́ kọ́, ọ̀rẹ́ mi. Àpótí ni mi ò sọ irú èyí tó jẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo ń kọjá lẹ́nu yàrá wọn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Aṣọ ìrìn-àjò wọn ti wà lórí ìkọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Wọ́n dúró síwájú dígí, wọ́n ya ojú sílẹ̀ gbàgàdà. Wọ́n á sọ fún ara wọn jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ó yá.” Ojú á dí. Wọ́n á pòṣé. Wọ́n á tún yà á, wọ́n á tún ní, “Ó yá.” Omi ń dà lójú wọn, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, wọ́n ń kọ́ ojú wọn ní ẹ̀kọ́ kí bàbá wa tó ti kú má baà tún ní kí àwọn bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo padà sẹ́yìn lórí ìka ẹsẹ̀. Mo wá jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ gan-an, sọ fún wọn pé kí wọ́n yéé gbé garawa omi. Kí àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kí ìyá àgbà pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní o jẹ wọ́n ní àbẹ̀wò kan. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá kọ̀wé sí ọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé orí mi ti dàrú, má bá a jiyàn.

Lọ́la, kí Alága tó gbé pákó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò, màá ti dúró síbẹ̀. Màá kí i, mi ò sì ní í ṣàlàyé, nítorí bí mo bá ṣàlàyé, màá tún dúpẹ́. Màá ní, “Ẹ ṣí i, kí ẹ fún mi ní kámẹ́rà mi.” Tó bá ní ó di oṣù tó ń bọ̀, màá gun òkè lọ bá àpótí náà, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì ìṣirò wà lápò mi, ilẹ̀kùn dígí yẹn sì ní ìdè tó ṣeé dẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá gbé ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí àtẹ̀gùn, láàárín gbùngbùn. Mi ò ní í sọ pé “ó yá.” Màá kàn tẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá di ojú, màá tún tẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá tún dì í, màá tún tẹ̀ ẹ́, títí fíìmù á fi tán.

Tìrẹ ni mí, bó ti wù kó rí,

Ṣé-kí-n-ṣe-é.